Àbẹ̀kẹ́, Gbé Kọ̀ǹpútà Yẹn Sílẹ̀

Wá jókòó síbí, Àbẹ̀kẹ́. Má jókòó sórí àga yẹn, ibi tí mo ti lè rí ojú rẹ dáadáa ni mo fẹ́. Gbé kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀. Fóònù náà, dojú rẹ̀ délẹ̀. Fa ọpọ́n ẹ̀gúsí yẹn mọ́ra kí o máa bá mi bó o. Ẹnu la ó fi sọ̀rọ̀, ọwọ́ kò gbọdọ̀ ṣófo.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni o ti wà ní káńsù tí wọ́n gbé ọ lọ ṣe olórí ìlera, o ò yọjú sí mi, o ò tẹ̀ mí láago. Ìgbà tí o wá máa pè, ẹkún ni o fi ṣáájú. Mo ní, "Ọmọ mi, ta ló kú?" O ní kò sẹ́ni tó kú, pé àwọn òṣìṣẹ́ ò kà ọ́ sí ni. O pe ìpàdé aago mẹ́sàn-án, èèyàn mọ́kàndínlógún ni o ń retí, mẹ́rin ló wá. Iná tún lọ, gbogbo àwòrán tí o fi òru mẹ́ta tò sínú kọ̀ǹpútà ò ṣeé fi hàn wọ́n mọ́. Ìyá kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì sì jókòó, ó ń já ẹ̀fọ́ sínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì, lójú rẹ kòrókòró.

Àánú rẹ ṣe mí, Ọlọ́run mọ̀. Àmọ́ ó ń ṣe mí bíi kí n fà ọ́ létí.

Nítorí kí ni o ṣe nígbà tí o sunkún tán? O bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ẹ̀rí rẹ sí mi létí, bí ẹni pé kò ṣojú mi. Ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, tí ìyanṣẹ́lódì sọ di mẹ́jọ. Ọdún kan iṣẹ́ house job, tí o ń sùn lórí ìdúró. Ọdún kan agùnbánirọ̀.  Ìdánwò Primary tí o kọ́kọ́ fìdí rẹmi nínú rẹ̀, orí àga tí mo ní kí o má jókòó sí yìí náà ni o ti sunkún ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni residency. Part One. Másítà nínú ìlera ará ìlú láàárín ìgbà yẹn. Ìwé ìwádìí tí olùkọ́ rẹ dá padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Part Two. O di Fellow ní West African College of Physicians, mo bá ọ jó títí orúnkún mi fi wú.

Kí lo wá ń kà á sí mi létí fún? Nígbà tí àbúrò bàbá rẹ ń fi ọ́ ṣẹ̀sín níbi ìkómọ, tó ní irú dókítà wo ni kì í kọ oògùn, tí kì í gbé ọ̀bẹ, ta ló dá a lóhùn? Èmi ni. Mo ní odindi ìlú ni aláìsàn tirẹ̀. Ó panu mọ́.

Ìwé ẹ̀rí yẹn kọ́ ọ bí a ṣe ń dá àrùn mọ̀, bí a ṣe ń kà á, bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Mi ò kóyán rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ṣe ọ̀gá fún obìnrin tó ti ń gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára kí ìyá rẹ tó lóyún rẹ, ìyẹn ò sí nínú ìdánwò kankan. Ọwọ́ obìnrin náà gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Òun ni yóò sọ ọ́ di olórí. Lẹ́tà káńsù kọ́.

Má wò mí bẹ́ẹ̀. Bó ẹ̀gúsí.

O kà nípa Ìmẹ̀sí-Ilé nínú ìwé, o sì fi yege. David Morley, dókítà òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní ìparí àwọn ọdún 1950. Èèyi ń pa ọmọdé, àìjẹunrekánú ń pa wọ́n, wọ́n á gbé wọn dé ilé ìwòsàn nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Dókítà yìí ò jókòó dè wọ́n. Ó lọ ṣí ilé ìtọ́jú fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nọ́ọ̀sì ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí àwọn èèyàn rò pé dókítà nìkan ló lè ṣe. Wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n ń fa ìlà rẹ̀ sórí káàdì. Bí ìlà bá ń gòkè, ara ọmọ le nìyẹn. Bó bá tẹ́, tàbí tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọn kò ní dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ bá wú kí wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ta ló wá ń tọ́jú káàdì yẹn? Ìyá ọmọ ni. Fi ara balẹ̀ rò ó. Dókítà tó ti òkè òkun wá, ó kó ìwé tó ṣe pàtàkì jù lọ lé obìnrin tí kò kàwé lọ́wọ́, ó ní kó máa gbé e lọ sílé. Èmi tí mo ṣe nọ́ọ̀sì agbègbè fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mo ti rí káàdì tí wọ́n wé sínú ọ̀rá, tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìró nínú àpótí, tó wà bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fi wọ ilé ìwé girama. Fáìlì ilé ìwòsàn ni èmi rí tó ń sọnù. Káàdì yìí ni wọ́n gbà lò káàkiri ayé lẹ́yìn náà. O mọ ọdún rẹ̀, o mọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Ohun tí o ò kíyè sí ni pé ọkùnrin náà fọkàn tán ìyá ọmọ kí ìyá ọmọ tó fọkàn tán an.

Èyí tí mo fojú ara mi rí wá ni ti Ìdèrè. Ìwọ náà mọ Ìbàràpá. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ibùdó ìlera ní Igbó-Ọrà, ibẹ̀ ni wọ́n kó ẹ̀yin náà lọ nígbà tí ẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́, o bọ̀, o ń ròyìn ìbejì àti ọbẹ̀ ìlasa fún gbogbo wa. Ìdèrè ò jìnnà síbẹ̀. Sòbìà ló ń bá wọn jà nígbà tiwa. O ò mọ sòbìà, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò rí i rí, ẹ dúpẹ́. Aràn funfun, ó gùn bí okùn, yóò dá egbò sí ẹsẹ̀ èèyàn, yóò yọrí jáde. A óò máa wé e mọ́ igi kékeré díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ò gbọdọ̀ fà á já. Mo rí àgbẹ̀ tó fi ìdí wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní àsìkò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lóko.

Inú omi ọ̀gọ̀dọ̀ ló wà. Kòkòrò kan tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ ló ń gbé ọmọ aràn náà mì, èèyàn á wá bu omi mu, á gbé kòkòrò mì. Ṣùgbọ́n ó máa ń tó bí ọdún kan kí aràn tó yọjú. Ta ni yóò gbà fún ọ pé omi tí òun mu ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ló ń dá egbò sí òun lẹ́sẹ̀ lónìí? Àwọn àgbà ibẹ̀ ní a bí sòbìà mọ́ni ni, pé ó wà nínú ara gbogbo èèyàn bí iṣan, ìgbà tó bá wù ú ló ń jáde. Mi ò lè bá wọn wí. Bí mo bá dàgbà síbẹ̀, ohun tí èmi náà yóò rò nìyẹn.

Dókítà ọ̀dọ́ kan wà tí a jọ lọ. Ọkùnrin dáadáa, ó gbọ́n bíi tìrẹ, ìkánjú rẹ̀ náà sì dà bíi tìrẹ. Ó dìde láàárín wọn, ó ní omi wọn ò dára. Ojú gbogbo wọn dá gùdẹ̀. Omi tí bàbá ńlá wọn tẹ̀dó sí, omi tó lórúkọ, tó lóríkì, àlejò dé, ó ní kò dára. Wọ́n dìde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ. Ìpàdé tirẹ náà, mẹ́rin ló wá. Ṣé o wá rí i pé kì í ṣe orí rẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ló pè é. Ó bu omi ọ̀gọ̀dọ̀ náà sínú ife gíláàsì, ó gbé e sókè kí oòrùn là á kọjá, ó sì ní kí dókítà fi ohun tó ń wí han òun. Wọ́n jọ tẹjú mọ́ ọn. Lóòótọ́, nǹkan kan ń ta pọ́n-ún, ó kéré bí eérú. Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ tí mi ò gbàgbé. Ó ní, "Dókítà, má sọ pé omi wa ò dára mọ́. Sọ pé ká máa sẹ́ ẹ, bí a ṣe ń sẹ́ ògì."

Ọmọ mi, obìnrin wo ni kò mọ ògì sísẹ́? Ta ló ń bínú nígbà tí wọ́n bá ní kó sẹ́ ògì? Télọ̀ gbé aṣọ asẹ́, ó rán an ní róbótó, wọ́n ń dè é mọ́ ẹnu ìkòkò. Dókítà náà ò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ìyá ẹlẹ́kọ ló ń sọ ọ́, dókítà ń gbé aṣọ tẹ̀ lé e. Mo ń wò ó láti ẹ̀yìn, mo ní sínú ara mi pé òní ni ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí.

Ó lé ní 600,000 èèyàn tí wọ́n kà pé sòbìà bá jà ní Nàìjíríà lọ́dún kan ní ìparí àwọn ọdún 1980. Kò ní oògùn. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára títí dòní. Aṣọ asẹ́ ni, kànga ni, oògùn tí wọ́n ń dà sódò láti pa kòkòrò ni, àti ẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn láti ojúlé dé ojúlé. 2008 ni wọ́n rí aláìsàn ìkẹyìn nílẹ̀ wa, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti tán. Ìdí nìyí tí ó fi ń yà mí lẹ́nu nígbà tí o bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ, o ò tíì rí àyípadà kankan.

Ìyá tó ń já ẹ̀fọ́ yẹn ńkọ́, kí ni orúkọ wọn?

Mo mọ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n. Èmi ti béèrè. Mátírọ́nù kan tó ti fẹ̀yìntì níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni, òun ni mo pè nígbà tí o gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni obìnrin náà ń gbé kúlà àjẹsára gun ọ̀kadà lọ sí àwọn abà, owó ara rẹ̀ ló sì fi ń wọ ọkọ̀. Ó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ọjà ti tú, kò rí ìgbà kankan já ẹ̀fọ́ àfi nínú ìpàdé. Ìpàdé náà ló sì ti ń gbọ́ ohun kan náà láti ẹnu dókítà mẹ́fà tó ti lọ kí ìwọ tó dé.

Ó tún sọ èyí fún mi. O mọ àmì ara ìgò àjẹsára, róbótó tó ní igun mẹ́rin funfun láàárín. Bí ooru bá ti ń mú ìgò, funfun yẹn á máa ṣú. Tó bá ti ṣú bí àyíká rẹ̀, kò wúlò mọ́, jíjù nù ló kù. Fìríìjì wọn kọṣẹ́ lọ́dún kan, wọ́n yọ àwọn ìgò náà jáde, gbogbo rẹ̀ ti ṣú. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà ní kí wọ́n lò ó, kí iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ má bàa lọ sílẹ̀ nínú ìwé oṣù yẹn. Ìyá yìí kó gbogbo ìgò náà jáde níkọ̀ọ̀kan sórí tábìlì ọ̀gá, ó ní kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, ó sì ní òun ò ní gún ọmọ kankan. Wọ́n gbé e kúrò ní ẹ̀ka rẹ̀ fún ọdún méjì. Ẹni tí o ní kò kà ọ́ sí nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tí ò bá lè bá ọ parọ́, ìyẹn ni kí o máa wá kiri bí ẹni ń wá wúrà.

O gbé àwòrán Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti kọ́ sára ògiri yàrá rẹ. Ó dára. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní 1927, dókítà ọmọdé ni, ó sì lè jókòó sí ilé ìwòsàn ńlá títí ayé kí gbogbo ènìyàn máa kí i. Ìlera alábọ́dé ló gbájú mọ́. Nígbà tó di mínísítà ní 1985, níbo ló ti bẹ̀rẹ̀? Káńsù 52 ni wọ́n kọ́kọ́ mú ní 1986, káńsù bíi tirẹ yìí, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń pè ní ibi tí wọ́n ju èèyàn sí. Ìlànà ìlera orílẹ̀-èdè tó gbé jáde ní 1988, orí ìlera alábọ́dé ló dúró sí.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n máa bọ̀wọ̀ fún un títí dòní ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí lórí oyè mọ́. 1997, Fẹlá kú. Ọ̀pọ̀ ilé nígbà náà, bí àrùn éèdì bá pa ènìyàn wọn, ibà ni wọ́n á ní ó jẹ́, tàbí ayé. Ọkùnrin yìí jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó ní éèdì ló pa àbúrò òun. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, òkú tútù tí wọn ò tíì sin. Mo wà ní ilé ìtọ́jú aboyún lọ́jọ́ kejì, obìnrin méjì ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kí ọjọ́ náà tó dé, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Àwòrán yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri. Bí wọ́n bá ní kí o buwọ́ lu ohun tí kì í ṣe òótọ́, kó o gbójú sókè wò ó.

Ti Ebola, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ìwọ náà ti dàgbà nígbà yẹn. Gbogbo ayé mọ Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kí ọkùnrin tó ti Làìbéríà dé yẹn jáde kúrò nílé ìwòsàn ní July 2014, pẹ̀lú gbogbo bí wọ́n ṣe ń halẹ̀ mọ́ wọn, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àmọ́ àwọn tó rìn lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Àwọn tó fara kan aláìsàn súnmọ́ 900, wọ́n ń wá wọn lọ sílé lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, wọ́n ń wọn ooru ara wọn. Ìbẹ̀wò yẹn ju 18,000 lọ. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 kú, ó sì di 20 October, wọ́n kéde pé ilẹ̀ wa ti mọ́. Ètò tí wọ́n fi ṣe é, ti rọpárọsẹ̀ ni, ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Dókítà Jide Idris tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ìlera l'Ékòó nígbà náà, ọdún mélòó ló ti fi ṣe akọ̀wé àgbà nínú iṣẹ́ ìjọba kan náà, tí kò sẹ́ni tó ń fi í sínú ìwé ìròyìn? Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, 2024 ni wọ́n fi í ṣe olórí NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn nílẹ̀ wa. Inú irú iṣẹ́ fáìlì ìjọba tí o ń fojú tín-ín-rín wò yẹn ni àwọn ẹni wọ̀nyí ti dàgbà.

O ní ọ̀rẹ́ rẹ ń pè ọ́ láti Ìlú Ọba. Mi ò ní dí ọ lọ́nà. Bí o bá fẹ́ lọ, n ó bá ọ di ẹrù, n ó bá ọ kó gàrí àti èlùbọ́ sí i. Ìyà tó ń jẹ dókítà nílẹ̀ yìí, mo mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Àmọ́ má tìtorí ìpàdé ọjọ́ kan sá. Ẹni tó bá sá fún èèyàn mọ́kàndínlógún níbí, yóò tún bá mọ́kàndínlógún mìíràn pàdé lọ́hùn-ún.

Ẹ̀kọ́ ìdarí orí íntánẹ́ẹ̀tì tí o ní o fẹ́ sanwó fún náà, bó bá wù ọ́, ṣe é. Èmi fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn atọpinpin àrùn ní NFELTP láti 2008 jù: ọdún méjì, pápá ni wọ́n sì ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àti pé jọ̀wọ́, má tẹ ìròyìn oṣù gbogbo káńsù fúnra rẹ lóru mọ́. Ọmọkùnrin tó ń ṣe rẹ́jísítà wà níbẹ̀. Kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, tún un ṣe fún un lẹ́ẹ̀mejì, kí o wá lọ sùn. Wo ọrùn rẹ, ó ti rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí o ń ka ìwé Primary.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ níbẹ̀, àbí? Kí aago méje tó lù, kí o ti débẹ̀. Má gbé kọ̀ǹpútà lọ. Jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọlọ́mọ, wo bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó kàn wọ́n. Bí ìyá yẹn bá dé, dìde fún wọn, kúnlẹ̀ kí wọn. Dókítà ni ọ́, wọ́n mọ̀, ìkúnlẹ̀ ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bá wọn gbé kúlà. Kí o wá bi wọ́n, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ń dá yín dúró jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí?" Kí o dákẹ́. Kí o dákẹ́ pẹ́, nítorí wọn ò ní dáhùn lójú ẹsẹ̀, wọn ò gbà pé o fẹ́ gbọ́. Ìwé ni kí o fi kọ ọ́, kì í ṣe fóònù. Ìwé àjákọ kan wà lórí fìríìjì níbẹ̀ yẹn, mú un.

Ẹ̀gúsí yìí ti tó. Dìde, wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tẹ̀tẹ̀ ìdì méjì wà nínú apẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ilé mi ni mo ti já a láàárọ̀ yìí. Ìdì kan la ó sè ní alẹ́ yìí, o ò sì ní kúrò níbí láìjẹun. Ìdì kejì, mo ní kí n fi ránṣẹ́ sí ìyá yẹn, àmọ́ ẹ̀fọ́ kò ní lè dúró di Ọjọ́bọ̀. Ra tútù lọ́jà lálẹ́ Ọjọ́rú. Fọwọ́ ara rẹ já a, kí o fọ̀ ọ́, kí o dì í dáadáa. Sọ fún wọn pé àǹtí rẹ ní kí o kí wọn.